Ọrùn Ọ̀gá Kọ̀yà àti Ìbàdí Màmá Ewoma

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka orúkọ ọkùnrin yìí tán kí n tó sọ ohun tó ṣe é, torí bí mo bá fo ẹyọ kan, ó lè dìde níbi tó wà báyìí kó wá bá mi fa wàhálà. Olóyè Dókítà Alàgbà Ẹnjiníà Kọ̀yà Ògúnrìndé, Alákòóso Àgbà, Ọ̀gá Yányán, Àjọ Tó Ń Yẹ Egungun Àtọwọ́dá Wò. Olóyè yẹn, ìlú kan tí kò tíì rí iná mànàmáná ló fi í jẹ. Dókítà, fásitì kan ló fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, lẹ́yìn tí òun náà ti fi nǹkan ránṣẹ́ sí wọn. Alàgbà, ṣọ́ọ̀ṣì ló fún un, wọ́n sì ti ń kábàámọ̀. Ti Ẹnjiníà, èmi ò mọ ibi tó ti rí i, òun náà kò sì rántí mọ́.

Ilé-iṣẹ́ àjọ náà wà ní Liverpool Road, ní Àpápá, níbi tí tírélà ti máa ń dúró lójú kan títí awakọ̀ á fi sè, á jẹ, á fọṣọ, á sì sá a. Iṣẹ́ wọn kò ṣòroó ṣàlàyé. Bí wọ́n bá kó irin tí wọ́n fẹ́ fi pààrọ̀ oríkèé ìbàdí tàbí ti orúnkún wọlé láti èbúté, àjọ yìí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá ara èèyàn lè gbà á. Irin kì í kàn jókòó sínú ara kó máa wòran. Omi ara ń fọ̀ ọ́, ẹ̀jẹ̀ ń kọjá lára rẹ̀. Bí kò bá dáa, á máa jò díẹ̀díẹ̀ sínú ẹran, ẹran á wú, egungun á jẹra, ẹni tó wá ìwòsàn á wá di ẹni tó ń wá ẹni tó máa tún inú òun ṣí. Iṣẹ́ ẹlẹ́gẹ́ ni. Ẹ wá wo ẹni tí wọ́n gbé e lé lọ́wọ́.

Láràárọ̀, sáírìn ọ̀gá á ti máa ké láti ọ̀ọ́kán. Ọkọ̀ náà kì í lọ o, torí tírélà ti dí ọ̀nà, ṣùgbọ́n sáírìn á máa ké níbi tó dúró sí. Gbogbo òṣìṣẹ́ á tò síta nínú oòrùn, wọn ò gbọdọ̀ jókòó títí ọ̀gá á fi dé. Níyìọlá, olórí ètò àlejò, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa yin ọ̀gá lọ, á wá sáré ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré.

"Ọ̀gá mi! Atẹ́gùn àdúgbò yìí ti yí padà bẹ́ ẹ ṣe dé!"

Òótọ́ ló sọ. Éèfín ọkọ̀ ọ̀gá ti dara pọ̀ mọ́ ti àwọn tírélà.

Ní Amukoko, tí kò jìnnà síbẹ̀, obìnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Ewoma. Úròbò ni bàbá rẹ̀, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ẹbí mi kan lọ. Aṣọ ló ń rán. Ẹsẹ̀ tó fi ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ti wá fi ìbàdí òsì ṣòfò. Oríkèé ibẹ̀ ti jẹ tán, egungun ń ha egungun. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé, bó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, á jókòó sórí àtẹ̀gùn, á máa fi ìdí wọ́ bọ̀ nílẹ̀, ìyá àgbà tó ní ọmọ-ọmọ. Lórí ibùsùn, kò lè fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀. Ohun tí obìnrin yìí ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí òun fi ẹsẹ̀ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn, kí òun sì dúró nígbà ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì láìwá àga.

Nígbà tí Ọ̀gá Kọ̀yà kéde ètò iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́ kan, tó sọ ọ́ ní "Kọ̀yà Gbé Mi Dìde," orúkọ Màmá Ewoma ló kọ́kọ́ jáde. Wọ́n ní Kọmíṣọ́nnà ètò ìlera fúnra rẹ̀ á wá, wọ́n á fi irin ìbàdí tuntun lé Màmá lọ́wọ́ lójú ayé, bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ti mọ́, dókítà á fi í sí i lára. Màmá sunkún ayọ̀. Ó ti ṣèlérí fún Bàbá Godstime tí wọ́n jọ yá yàrá nínú ilé kan náà pé òun á fún un ní ọ̀pá ìtilẹ̀ òun, torí pé ìlò rẹ̀ ti tán.

Irin tí wọ́n fẹ́ fi sí i lára wà nínú kòǹténà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Ìyáàfin Ṣayọ̀ ni olórí láàbù, yàrá àyẹ̀wò àjọ náà. Ó gé díẹ̀ lára irin inú kòǹténà, ó rẹ ẹ́ sínú omi tó dà bí omi ara, ó sì da omi náà lé àwọn sẹ́ẹ̀lì lórí. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín tí ara gbogbo wa fi di ara. Wọ́n ń sìn wọ́n sínú àwo pẹlẹbẹ, nínú àpótí kan tó máa ń móoru bí ara èèyàn. Àwọn tó da omi irin tó dáa lé lórí ń gbèrú. Àwọn tó da omi irin tuntun yìí lé lórí kú pátápátá. Ṣayọ̀ tún un ṣe, wọ́n tún kú. Ó bá gòkè lọ bá ọ̀gá.

"Ọ̀gá, wọ́n kú, sà."

Ọ̀gá Kọ̀yà dìde. "Ta ló kú? Ṣé òṣìṣẹ́ wa ni?"

"Sẹ́ẹ̀lì ni, sà."

"Sẹ́ẹ̀lì? Ẹ̀ka wo ló wà?"

Níyìọlá yára dá sí i: "Ẹ̀ka láàbù, sà. Mi ò tiẹ̀ rí wọn níta rí láàárọ̀ tá a bá tò."

"Wọn kì í jáde?" Ojú ọ̀gá pọ́n. "Ta ló fún wọn láṣẹ láti kú?"

"Ọ̀gá, irin yẹn ló pa wọ́n. Ìyẹn ló fi hàn pé kò yẹ kó wọ inú ara ẹnikẹ́ni."

"Ìyáàfin, ẹ dákẹ́! Wọ́n ń jẹ oúnjẹ ìjọba. Iná jẹnẹrétọ̀ ìjọba ló ń mú wọn móoru tọ̀sán tòru. Iṣẹ́ kan ṣoṣo la gbé fún wọn, pé kí wọ́n wà láàyè, wọn ò lè ṣe é! Ẹ kọ kúẹ́rì sí wọn!"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ẹ mọ kúẹ́rì. Ìwé tí ọ̀gá máa ń kọ síni tí ẹsẹ̀ ẹni á máa gbọ̀n ni. Níyìọlá jókòó, ó kọ ọ́ ṣakaṣaka: "Sí Gbogbo Sẹ́ẹ̀lì. A pàṣẹ fún yín kí ẹ wí tẹnu yín, ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fìyà jẹ yín fún kíkú lẹ́nu iṣẹ́ láìgbàṣẹ." Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpótí tí àwọn sẹ́ẹ̀lì wà. Mi ò purọ́ mọ́ wọn o. Wọ́n tiẹ̀ fi òǹtẹ̀ lù ú.

Kò tán síbẹ̀. Ṣayọ̀ sin òmíràn, ọ̀gá sì ní òun fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ fúnra òun. Gbogbo ilé-iṣẹ́ tẹ̀ lé e lọ sí láàbù. Ó ní kí wọ́n ṣí ìdérí àwo.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà," Ṣayọ̀ bẹ̀ ẹ́, "atẹ́gùn lásán á bà wọ́n jẹ́."

"Báwo ni wọ́n ṣe máa rí mi tí ìdérí bá wà lórí wọn?"

Wọ́n ṣí i. Ọ̀gá fi gbogbo itọ́ ẹnu rẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin sẹ́ẹ̀lì, ọmọ Nàìjíríà rere! Orílẹ̀-èdè yìí ń wojú yín!" Ó sọ ọ́ títí, ó sín lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ọjọ́ mélòó kan kọjá, nǹkan tó máa ń hù lórí búrẹ́dì tó bá bu ti hù bo àwo náà, funfun, ó ní irun.

"Ọ̀gá!" Níyìọlá pariwo. "Ọ̀rọ̀ yín ti ṣiṣẹ́! Wọ́n ti ń hu irùngbọ̀n!"

Ọ̀gá mirí pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Ó ní òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyànjú ni wọ́n ń fẹ́. Ṣayọ̀ kó àwo náà dànù, ó lọ sẹ́yìn ilé lọ mí kanlẹ̀.

Àkókò yìí ni ọkùnrin tó ni kòǹténà wá kí ọ̀gá. Ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín kéèyàn tó sọ ohun tó pa ni lẹ́rìn-ín ni. Ara ń kán an, ẹrù rẹ̀ ti pẹ́ jù ní èbúté. Ó gbé ẹ̀bùn kan dání nínú páálí, ṣéènì oyè ńlá tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn, ó nípọn, ó ń dán yànràn, wọ́n sì ya orí Ọ̀gá Kọ̀yà sí iwájú rẹ̀.

"Irin inú kòǹténà gan-an la fi ṣe é, sà. Ìkan náà ni."

Bí ọ̀gá ṣe rí orí ara rẹ̀ lára irin, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ó gbé ṣéènì náà kọ́rùn, ó wo dígí, ó sì lu tábìlì gbàà.

"Mo ti rí àyẹ̀wò! Ṣebí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ara èèyàn gba irin yìí? Èmi kì í ṣe èèyàn ni?"

"Ẹ ju èèyàn lọ, sà," Níyìọlá dáhùn.

"Ọrùn mi yìí, ọrùn orílẹ̀-èdè ni. Ohun tí ọrùn Alákòóso bá gbà, ìbàdí ará ìlú kankan kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́!"

Ṣayọ̀ ò lè pa á mọ́ra. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ọrùn kì í ṣe egungun. Bí nǹkan kan ò bá tiẹ̀ ṣe awọ yín títí ọdún á fi yí po, ìyẹn ò ní ká fi irin yìí sínú èèyàn. Ẹ jẹ́ ká fi sára ehoro ká wo egungun wọn fún oṣù díẹ̀."

"Ehoro! Ẹ ń fi èmi wé ehoro?"

"Rárá, sà. Ehoro máa ń ṣe jẹ́ẹ́ ni."

Ọ̀gá ò gbọ́ ìyẹn dáadáa, Ọlọ́run ló yọ Ṣayọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn ọkùnrin náà ni àwọn ọ̀tá rẹ̀. Kí wọ́n má bàa sọ pé ó ń bọ́ ṣéènì náà sílẹ̀ bó bá délé, ó ní kí wọ́n lọ pe wẹ́dà wá kó jó húùkù rẹ̀ pa. Wọ́n mú Onoriode wá láti ìdíkọ̀ Coconut, níbi tó ti máa ń jó ẹ̀gbẹ́ tírélà tó ti ya. Onoriode wo ọrùn ọ̀gá, ó wo ṣéènì, ó wo àwọn èèyàn tó yí i ká, bóyá ẹnì kan á rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, e get hook now. Húùkù yìí dáa. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ bọ́ ọ ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gé ṣéènì yìí," ni ọ̀gá fi ohùn gíga sọ, torí àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n ti dé, "láìjẹ́ pé kọmitíì ẹlẹ́ni méje jókòó, tí wọ́n sì fẹnu kò!"

Onoriode gbé awọ àti àpò tútù sí ọ̀gá lẹ́yìn ọrùn, ó fa húùkù síta, ó jó o pa. Gbogbo èèyàn yíjú kúrò níbi iná náà, àfi Níyìọlá. Ó ní ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ara ọ̀gá òun jáde, òun ò ní ṣíjú kúrò lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń ṣomi fún ọjọ́ púpọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan kan ò ṣe ọ̀gá. Bí àlejò bá wọlé, á ṣí ọrùn aṣọ: "Ẹ wò ó! Ẹ fọwọ́ kàn án!" Ó fi hàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi hàn ní báńkì, ó fi hàn dókítà eyín rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ ooru Àpápá. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ṣéènì náà. Lọ́jọ́ kan, nínú ìpàdé, ó dà bíi pé èèrà kan ń rìn lọ́rùn ọ̀gá. Ó fọwọ́ gbá a. Èèrà ò sí.

Ẹ̀yìn ìyẹn, kò sinmi mọ́. Ọrùn náà pọ́n, ó lé ròrò, ó ń ṣomi. Ọ̀gá fi rúlà họ ọ́, ó fi bírò họ ọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ họ ọ́. Wọ́n tiẹ̀ bá a lọ́jọ́ kan tó fẹ̀yìn ti òpó àsíá, tó ń lọ sókè sódò lára rẹ̀. Bó bá ti họ ọrùn nínú ìpàdé, Níyìọlá náà á họ tiẹ̀. Bí Níyìọlá bá ti họ, àwọn tó ń wá ìgbéga á họ, kò ní pẹ́ tí gbogbo gbọ̀ngán á máa họ ọrùn kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àlejò kan láti iléeṣẹ́ mìíràn sá jáde, ó ń sọ fáráyé pé kúrúnà ti wọ Liverpool Road.

Àṣẹ tuntun bá jáde. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé nǹkan ń yún òun mọ́ nínú ọgbà náà. Ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ni pé, "Ara mi ń dáhùn." Ẹ̀fọn jẹ akọ̀wé kan ní kọ̀rọ̀, ó ní ara òun ń dáhùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọrùn, ó ń fò, ó ń gbọnra jìgìjìgì. Àwọn ìyá ìjọ ní Ẹ̀mí ti bà lé Alàgbà. Wọ́n sì kọrin sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ṣayọ̀ bá a lóun nìkan ní ọ́fíìsì. Omi wà lójú rẹ̀.

"Ó ń yún mi, Ṣayọ̀," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni.

"Mo mọ̀, sà. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ ká gé e, ká dá kòǹténà yẹn padà. Obìnrin kan wà ní Amukoko tí wọ́n fẹ́ fi irin yìí sínú rẹ̀. Ẹ ẹ̀ ní sọ pé ẹ ṣàṣìṣe. Ẹ kàn máa sọ pé àyẹ̀wò yín ti mú èsì jáde."

Ọkùnrin náà fọwọ́ kan ṣéènì náà. Ó fẹ́ gbà, mo sọ fún yín, ó kù díẹ̀ kó gbà. Ni Níyìọlá bá kanlẹ̀kùn pé àwọn oníròyìn wà nísàlẹ̀, wọ́n fẹ́ ya ṣéènì náà sí i. Ọ̀gá nu ojú rẹ̀, ó nàró.

"Ta ló sọ pé nǹkan ń yún mi? Ìyáàfin, láti òní lọ, ẹ ti láàbù. Ẹnu géètì ni kẹ́ ẹ lọ máa ka tírélà."

Títí dé ibẹ̀, mo ṣì ń fi ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti bínú sí i. Ó ti mọ̀ báyìí. Ọrùn ara rẹ̀ ti sọ fún un, ó sì tún fẹ́ fi irin náà sínú ìyá oníyàá.

Ṣayọ̀ lọ sí Amukoko lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ àdúgbò ni, Màmá Ewoma ló rán aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ó gun òkè, ó kúnlẹ̀, ó sọ ohun tó bá wá.

"Màmá, irin yẹn ò dáa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi í sí yín lára."

"Ah-ah! Ṣayọ̀! Ìwọ náà?" Màmá fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "You know say I no dey sleep? Ìdí ni mo fi ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè yìí, àwọn ọmọ kéékèèké ń wò mí. Wọ́n ti fún mi ní déètì. O wá ní kí n sọ pé rárá?"

"Òmíràn á wá, Màmá. Èyí tó dáa."

"Ìgbà wo? Tí mo bá ti kú? Ọ̀gá yín so ó mọ́rùn, mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n jó o pa sí i lọ́rùn. Èèyàn ńlá bẹ́ẹ̀ ò lè fi ọrùn ẹ̀ ṣeré."

Ṣayọ̀ dìde. "Ó dáa, Màmá. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ tó dáhùn pé ẹ gbà, ẹ wo ọrùn yẹn fúnra yín."

Ọjọ́ pé. Wọ́n ta kánópì sínú ọgbà, wọ́n gbé irin ìbàdí tuntun sórí ìrọ̀rí pupa, àfi bí adé. Kọmíṣọ́nnà jókòó, àwọn oníròyìn tò, ooru ń mú. Ọ̀gá Kọ̀yà jáde nínú agbádá, ó wé múfúlà onírun àgùntàn mọ́ ọrùn, ó ki bàmù. Níyìọlá kéde pé ohun tí àwọn èèyàn ńlá ń wọ̀ lókè òkun nìyẹn. Ṣayọ̀ wà ní ẹnu géètì, ibi tí wọ́n fi í sí, ó ń wo ọ̀ọ́kán.

"Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà rere!" ọ̀gá bẹ̀rẹ̀. "Nígbà tí Ọlọ́run yọ egungun ìhà Ádámù, kò sí àjọ kankan tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sì rí wàhálà tó ti ibẹ̀ jáde! Lónìí, àjọ ti wà!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ń lọ, ó ń mẹ́nu kan Mósè, ó ń mẹ́nu kan òṣùpá. Nígbà tó yá, ọwọ́ òsì rẹ̀ wọ abẹ́ múfúlà, kò tó o. Kò rí rúlà, kò rí kọ́kọ́rọ́. Ó ti orí makirofóònù bọ abẹ́ múfúlà, ó sì fi í họ ọrùn. *Kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀.* Gbohùngbohùn gbé e jáde dé òpópó. Awakọ̀ tírélà kan bọ́ sílẹ̀, ó lọ ń wo gíà rẹ̀.

Níyìọlá rí i pé nǹkan fẹ́ bàjẹ́, ó yára pe Màmá Ewoma. Ewoma, ọmọ rẹ̀, ló dì í mú gun pèpéle, torí pé láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Màmá ti fún Bàbá Godstime ní ọ̀pá rẹ̀. Bàbá Godstime náà wà níwájú, ó gbé ọ̀pá sáàárín ẹsẹ̀.

"Màmá wa," ọ̀gá sọ, òógùn ń jábọ́ lójú rẹ̀, "ẹ sọ fún gbogbo ayé. Ṣé ẹ gbà?"

"Mo fẹ́ gbà o, sà. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ gbà." Ó wo irin tó wà lórí ìrọ̀rí, ó wò ó pẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rí ọrùn yín ná."

"Màmá," Níyìọlá bọ́ sáàárín, "ọrùn ọ̀gá kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn ń wò báyìí."

"Lórí tẹlifíṣọ̀n tẹ́ ẹ ti ń fi í hàn wá ńkọ́? Abeg, sà. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tú u."

Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ tú u!" Kò pẹ́, gbogbo ọgbà ti gbà á: "Ẹ tú u! Ẹ tú u!" Kọmíṣọ́nnà wo aago. "Olóyè, ẹ tú u jàre, ká lè máa lọ."

Ọ̀gá Kọ̀yà tú múfúlà.

Mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀ fún yín tán, bóyá ẹ ń jẹun lọ́wọ́. Gbogbo ibi tí ṣéènì náà ti kan ara ni awọ ti bó. Ó wú, ó pọ́n, ó ń ṣe omi pupa, àwòrán orí ọ̀gá tó wà níwájú ti lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀. Kọmíṣọ́nnà sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.

Màmá Ewoma ò rẹ́rìn-ín. Àánú ọkùnrin náà ṣe é, ó sì hàn lójú rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́ o, sà," ó ní. "Ó ń yún yín gan-an."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn lójú ọ̀gá. Bó ṣe gbọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fò sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọrùn, ó ń họ ọ́ níwájú Kọmíṣọ́nnà, níwájú kámẹ́rà, kò lè dáwọ́ dúró.

"Tiyín wà níta, sà," ni Màmá Ewoma ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ọwọ́ yín tó o, ẹ ń họ ọ́, kò sì gbọ́. Wọ́n ní tèmi máa wà nínú egungun. Tó bá wá ń yún mi níbẹ̀, ibo ni kí n gbà wọlé lọ họ ọ́?"

Màmá wo irin náà lẹ́ẹ̀kan sí i, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Ewoma, bá mi gba ọ̀pá mi lọ́wọ́ Bàbá Godstime."

Bí Màmá ṣe ń tilẹ̀ lọ síta, ni ọ̀gá figbe ta. "Ẹ bọ́ ọ! Ẹ bọ́ ọ kúrò lọ́rùn mi!" Níyìọlá fà á, kò bọ́, torí húùkù ò sí mọ́. Ọ̀gá sáré wọ ọkọ̀ rẹ̀, sáírìn bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ọkọ̀ ò lọ. Tírélà ti dí ọ̀nà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ká agbádá lé èjìká, ó fò gun ẹ̀yìn ọ̀kadà kan, ó ń họ ọrùn dé Coconut. Àwọn awakọ̀ tírélà ń juwọ́ sí i lójú ọ̀nà, wọ́n rò pé ó ń polówó fún ìdìbò.

Onoriode jókòó sábẹ́ tírélà kan, ó ń jẹ ẹ̀bà. Ó wo ọ̀gá láti òkè délẹ̀. Ó fọwọ́, ó mú ayùn tí wọ́n fi ń gé irin.

"Ọ̀gá," ó béèrè, ó sì fọwọ̀ béèrè ni, "ṣé kí n gé e, àbí make I wait for kọmitíì?"

Wọ́n ní ọ̀gá bú sẹ́kún.

Kọmíṣọ́nnà ní kí wọ́n dá kòǹténà náà padà síbi tó ti wá, kí Olóyè sì lọ sinmi nílé. Ó ṣì ń sinmi. Ọrùn rẹ̀ ti jiná, ṣùgbọ́n ipa rẹ̀ yí i ká títí dòní, kì í ṣí ọrùn aṣọ mọ́. Lọ́jọ́ tí Alákòóso tuntun dé, Níyìọlá ló ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un. Ó ní atẹ́gùn àdúgbò náà ti yí padà.

Wọ́n dá Ṣayọ̀ padà sí láàbù. Irin mìíràn dé, ó gé e, ó rẹ ẹ́, ó da omi rẹ̀ lé àwọn sẹ́ẹ̀lì lórí. Lọ́sàn-án kan, ó gbọ́ kò-kò-kò ọ̀pá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá Ewoma ló dé, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Àwọn ọmọ inú àwo yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n wà?"

"Wọ́n wà, Màmá. Wọ́n tiẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ó wá ku ti ehoro, ìyẹn á gba oṣù díẹ̀ sí i."

"Oṣù díẹ̀." Màmá rọra jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ó dáa. Màá dúró." Ojú rẹ̀ bọ́ sára ìwé tó ṣì lẹ̀ mọ́ àpótí. "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?"

Ṣayọ̀ kà á fún un látòkè délẹ̀: kí ẹ wí tẹnu yín, ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fìyà jẹ yín fún kíkú lẹ́nu iṣẹ́ láìgbàṣẹ. Màmá Ewoma rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi tán lójú rẹ̀.

"Wọ́n ti fèsì tipẹ́," ó ní. "Kíkú tí wọ́n kú yẹn ni èsì. Bá mi kí àwọn tó kù."